Láptọ́ọ̀pù Tí Yóò Ríran Kọjá Kùrukùru

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni bàbá mi kọ́kọ́ dá sí géèmù tí mò ń gbá. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun, oòrùn sì ń ràn wọ inú pálọ̀ wa ní Ogida, ní ìlú Benin. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi lé orí tábìlì kékeré, mo jókòó sílẹ̀ sídìí rẹ̀. Bàbá mi wà lórí àga lẹ́yìn mi, ìwé ìròyìn lórí itan wọn. Mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Yà sọ́wọ́ òsì," wọ́n ní.

Mo bojú wẹ̀yìn. Wọn kò sùn rárá. Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n tẹjú mọ́, bí ẹni tó ṣàdédé rí ojúlùmọ̀ láàárín èrò.

"Kí ló wà lọ́wọ́ òsì, Bàbá?"

"Odò kan wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò gbá géèmù rí láyé wọn, wọn kò sì bi mí rí nípa èyí tí mò ń gbá. Mo kàn yà sọ́wọ́ òsì kí n lè tẹ́ wọn lọ́rùn ni. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ láàárín àwọn igi. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, omi ń ṣàn níbẹ̀, omi tóóró tó ń dán láàárín òkúta dúdú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú géèmù tó jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu mi. Inú igbó ni èèyàn ń rìn nínú rẹ̀, òun nìkan. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ìbọn, kò sí ẹlòmíràn. Èèyàn á máa ṣẹ́gi, á máa wá oúnjẹ, á kọ́ àgọ́ tí yóò sùn sí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó jókòó ya ilẹ̀ ibẹ̀. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò dá òkè, odò àti igi sílẹ̀ bó ṣe wù ú, ilẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí. Èyí tí mo wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n tó múra ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo dá a sílẹ̀. Èmi pàápàá kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òsì.

"Tẹ̀ lé odò náà lọ sókè," bàbá mi tún ní. Ohùn wọn kò yí padà. Bí ẹni ń júwe ọ̀nà ilé fún awakọ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. "Wàá rí àpáta kan tó nà sílẹ̀ bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Orí rẹ̀ kọjú sí odò."

Mo tẹ̀ lé odò. Àpáta náà wà níbẹ̀. Ó nà gbọọrọ, ó ní èjìká, ó ní ẹ̀yìn, orí rẹ̀ kọjú sí omi bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Orí mi wú. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

"Máa lọ," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni."

Kò sí ohun tó hàn lẹ́yìn àpáta náà àfi kùrukùru. Ó funfun, ó ki, ó dúró bí ògiri. Mo mọ ohun tó fà á. Bí agbára kọ̀ǹpútà kò bá tó láti ya ohun tó jìnnà, yóò fi kùrukùru bò ó kí ojú má baà rí ibi tí àwòrán ti tán. Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó. Láti ìgbà tí mo ti ń kàwé ní yunifásítì ní Ugbowo ni mo ti ń lò ó. Síbẹ̀ mo gbìyànjú. Mo rìn kọjá èjìká àpáta, fáànù inú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hu, àwòrán ń ta gìdì gìdì, abẹ́ rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná. Lẹ́yìn náà ó kú pátápátá, ojú rẹ̀ sì dúdú.

Bàbá mi ti dìde lórí àga. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n ń wo ojú dúdú náà.

"Kò ríran," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde wọ́n sì wọ yàrá lọ.

Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni bàbá mi. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ ọdún wọn nínú igbó, wọ́n ń fi awò wo ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan ti pín sí ti ẹlòmíràn. Ìgbà tí ìyá mi kú ní Èkìtì ni mo lọ mú wọn wá sí Benin, torí èmi nìkan ni mo wà nílé mi. Apòògùn ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ikpoba Hill. Wọn kò fẹ́ràn ilẹ̀ Benin dáadáa. Wọ́n ní ó tẹ́jú jù, wọ́n ní ilẹ̀ tí kò ní òkè, èèyàn ò lè mọ ibi tí ó dojú kọ. Ọpọlọ wọn ṣì pé. Mo sọ èyí torí pé ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn lọ́jọ́ náà, pé ọjọ́ ogbó ti ń mú wọn. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè bíi mélòó kan lọ́nà ẹ̀rọ̀, irú èyí tí a máa ń bi àwọn arúgbó ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ní kí n yéé yẹ àwọn wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì bi mí pé, "Kí ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ yẹn tí kò fi ríran?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó láti ra láptọ́ọ̀pù tuntun, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù, torí náà mo ti ka púpọ̀ nípa rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé pírósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ rẹ̀, òun ló ń ronú, òun ló ń dá ilẹ̀ sílẹ̀. Ráàmù dà bíi tábìlì tí èèyàn ń tẹ́ iṣẹ́ lé; bí tábìlì bá kéré, gbogbo ìgbà ni wàá máa dìde lọ mú nǹkan nínú àpótí. Díráìfù ni àpótí ọ̀hún. Fáànù ló ń mú kó mí. Káàdì àwòrán ló wá ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí, igi kọ̀ọ̀kan, ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ìrántí tirẹ̀ tó ń lò, lọ́tọ̀ sí ráàmù.

"Òun ló ń ríran," bàbá mi ní.

"Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Òun ni kí o kọ́kọ́ mú, kí o wá fi ìyókù bá a mu. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí awò bá burú, ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé e kà ì báà jẹ́ wúrà, iṣẹ́ dòfo nìyẹn."

Ohun tí mo ní lọ́kàn yàtọ̀. Èmi àti àwọn tí a jọ kàwé máa ń pàdé lórí ẹ̀rọ láti gbá géèmù oníbọn, ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ń yára ni mo fẹ́ fún un, kí ọ̀tá má baà rí mi kí n tó rí i. Mo ṣàlàyé fún bàbá mi pé ìyára àti ìríran jìnnà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé inú ẹ̀rọ kan náà, àyàfi èyí tó tóbi jù. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Ta ni o fẹ́ sáré fún?" ni wọ́n bi mí.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ugbowo. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú títì Lagos níbẹ̀ tí mo ti máa ń tún nǹkan ṣe, ọkùnrin ará Edo kan ló ni ín. Ó to àwọn láptọ́ọ̀pù sórí pákó gígùn kan, àwọn kan ń tan iná aláwọ̀ mèremère lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Èyí tí iná rẹ̀ pọ̀ jù ló kọ́kọ́ gbé wá.

"Madam, na dis one all the boys dey rush," ó ní. "Processor dey fly."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ le lóòótọ́, àmọ́ káàdì àwòrán rẹ̀ kéré, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹ́ńjìnnì tírélà sínú kẹ̀kẹ́. Bàbá mi bi mí bóyá iná tó ń tàn yẹn ń ràn án lọ́wọ́ láti ríran. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa iná ọ̀hún.

Bàbá mi ní kí ó ṣí àwòrán ilẹ̀ kan sójú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ibi tí òkè wà tó jìnnà. Wọ́n ń rìn láti ọ̀kan dé èkejì, ọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ òfuurufú nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tí ooru ń gbà jáde. Èmi àti ọlọ́jà sì ń bá ọ̀rọ̀ tiwa lọ: káàdì tí ìrántí tirẹ̀ tó gíìgì mẹ́jọ, ráàmù méjì tó jọra kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, kí àyè sì wà láti fi kún un, fáànù méjì, torí ooru Benin kì í ṣeré, ojú tí àwọ̀ rẹ̀ péye, bí kò tilẹ̀ yára tó èyí tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò ní irú ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun yóò bá mi wá a láti Èkó.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn láti pe bàbá mi, wọ́n ti dúró ní ìparí pákó náà, níwájú láptọ́ọ̀pù kan tí wọn kò tàn. Wọ́n ń wo ojú dúdú rẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

"Ara mi," ni wọ́n ní. Lẹ́yìn náà wọ́n fọwọ́ kan irùngbọ̀n wọn. "Mo ti dàgbà jù. Kò ní mọ̀ mí mọ́."

"Ta ni kò ní mọ̀ yín?"

Wọ́n ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a gbà padà sílé, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ń wò.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà ni mo fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Èkìtì. Àwọn nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó bá bàbá mi dàgbà, Ìyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. A kí ara wa tán, mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n mọ odò kan tó wà lẹ́bàá àpáta tó dà bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀.

"Ta ló mú ọ débẹ̀?" ni wọ́n bi mí. "Ọ̀nà ibẹ̀ ti dí. Ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀ mọ́."

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ó ṣòro láti ṣàlàyé géèmù fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí n ṣe wàhálà. Wọ́n sọ tiwọn.

Orí òkè ni ìlú wa wà láyé àtijọ́, kí wọ́n tó ṣí wálẹ̀ sí ẹ̀bá títì. Ahoro tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà oko ìdílé wa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bàbá mi ní àbúrò kan. Èmi kò gbọ́ rí láyé mi pé wọ́n ní àbúrò ọkùnrin. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà náà, di ọwọ́ àbúrò wọn mú, àwọn méjèèjì ń bá àwọn àgbà lọ sóko, àmọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé ò ká ti àgbà, wọ́n sì kù sẹ́yìn. Kùrukùru bolẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá àpáta yẹn, àbúrò ní ẹnì kan ń pe òun. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì wọ inú kùrukùru lọ.

"Wọ́n wá a títí," Ìyá ní. "Àwọn ọdẹ wá a. Wọn kò rí aṣọ, wọn kò rí ẹsẹ̀. Ìyá wa ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé. Bàbá rẹ kò sọ̀rọ̀ títí ọyẹ́ fi lọ. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, kò sọ nípa ti ọjọ́ náà, kò sì tíì sọ ọ́ di báyìí."

Mo ní, "Ìyá, inú ẹ̀rọ ni a ti rí i. Kì í ṣe ibẹ̀ gan-an."

"Mo gbọ́ pé inú ẹ̀rọ ni. Inú orí ni àlá náà wà, ṣé kò pa èèyàn rí ni? Má jẹ́ kí ó dé ẹ̀yìn àpáta yẹn."

Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mi ò gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ jáde. Bàbá mi kò béèrè rẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí àga yẹn ni mo máa ń bá wọn, wọ́n kọjú sí tábìlì kékeré tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, bí ẹni jókòó sí ibùdókọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, kí n tó wọlé, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀ka èdè Èkìtì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èyí tí wọn kì í bá mi sọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń sọ fún ẹnì kan pé kó mú sùúrù.

Ọlọ́jà Ugbowo ló wá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Madam, that card wey you want don finish for Lagos," ó ní. "Dem get the smaller one. E go still play your game well well. Make I bring am?"

Mo mọ káàdì kékeré yẹn. Ó dára. Yóò gbá gbogbo géèmù tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbá, ojú rẹ̀ á sì yára bí mo ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bí kùrukùru ẹ̀yìn àpáta yẹn ṣe ki tó. Kò ní kúrò níbẹ̀. A óò dé ibi tí a dé tẹ́lẹ̀, n óò sọ fún bàbá mi pé ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ìyá ní Èkìtì á sùn dáadáa, èmi náà á sùn.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n pè é padà. Mo jókòó láàárín àwọn oògùn mi. Iṣẹ́ mi ti kọ́ mi pé bí a bá dín oògùn kù torí ìbẹ̀rù, àìsàn là ń bọ́. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì fẹ́ dá ìpinnu náà ṣe lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Mo ti ṣọ́ọ̀bù kí àkókò tó tó, mo lọ sílé, mo sì sọ ohun tí Ìyá sọ fún bàbá mi pátá.

Wọ́n gbọ́ ọ tán. Ojú wọn kò yí.

"Ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́," wọ́n ní. "Àmọ́ ohun kan wà tí wọn kò mọ̀. Èmi náà rí ẹni tó ń pè é."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn.

"Ó dúró nínú kùrukùru. Ó na ọwọ́ kan. Mi ò rí ojú rẹ̀. Àbúrò mi ń lọ bá a, ẹsẹ̀ mi sì wúwo. Gbogbo igbó tí mo wọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí n tó fojú sí awò, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ó dúró síbẹ̀." Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. "Ṣé o rò pé mo fẹ́ lọ bá a? Èmi kọ́ ni mo fẹ́ débẹ̀. Ojú mi ni mo fẹ́ kó débẹ̀."

Mo pe ọlọ́jà náà níwájú wọn. Mo ní mi ò fẹ́ èyí tó kéré, n óò dúró de èyí tí a jọ yàn.

Láptọ́ọ̀pù náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo fi ọ̀sán yẹn kó nǹkan láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ sínú tuntun, ilẹ̀ tí mo dá sílẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú yẹn wà lára rẹ̀. Oòrùn mú lóde, àwọn aládùúgbò ń fọ mọ́tò, rédíò ń kọrin ní ilé kejì. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí òkùnkùn kankan tó ń dẹ́rù bà wá. Bàbá mi wọ fìlà wọn, bí ẹni fẹ́ jáde, wọ́n sì jókòó tì mí.

Mo ṣí i. Mo sún ìríran rẹ̀ dé òpin. Fáànù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í mí, kò hu, kò ta gìdì. Odò náà wà níbẹ̀, àpáta náà wà níbẹ̀, ó mọ́ debi pé mo rí ewé tútù tó hù lára rẹ̀. Mo rìn kọjá èjìká rẹ̀. Kùrukùru náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, igi kan lẹ́yìn òmíràn ń jáde nínú rẹ̀, títí tí ibi gbalasa kan fi là níwájú wa.

Ẹnì kan dúró ní àárín rẹ̀.

Mo ti sọ pé kò sí ẹlòmíràn nínú géèmù náà. Ó ga tó èèyàn. Ó na ọwọ́ kan. Ọwọ́ bàbá mi bà lé èjìká mi.

"Òun nìyẹn," wọ́n ní.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká pa á."

"Má dúró."

Mo ń lọ. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn, orí rẹ̀ kò jọ orí mọ́, èèpo igi ló wà níbi tí aṣọ ì bá wà. Kùkùté ni, kùkùté gíga tí ìjì gé lórí, ẹ̀ka kan ṣoṣo tó kù lára rẹ̀ nà síwájú.

"Kùkùté," ni bàbá mi wí. Wọ́n tún un wí. Èémí jáde lẹ́nu wọn bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. "Rìn yí i ká."

Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, èkejì, ilẹ̀ sì yẹ̀ lábẹ́ mi. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Mo rò pé ó ti kú bíi ti àtijọ́, àmọ́ fáànù ṣì ń mí. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà, inú kòtò ni mo wà, kòtò tóóró tó jìn láàárín àpáta méjì, ìtàkùn sì bo ẹnu rẹ̀ lókè. Èèyàn kò lè rí i àfi bó bá já sínú rẹ̀.

Bàbá mi bọ́ fìlà wọn. Wọ́n gbé e lé orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n pe orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí, wọ́n pè é bí a ti ń pe ọmọdé, wọ́n sì sunkún láìpariwo. Mo dì wọ́n mú. Rédíò ilé kejì kò dákẹ́ ní gbogbo àkókò náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn bàbá mi wọkọ̀ lọ sí Èkìtì. Àwọn àti Ìyá ló jọ bá àwọn ọdẹ ìlú sọ̀rọ̀. Wọ́n la ọ̀nà ahoro náà, wọ́n dé ibi àpáta, bàbá mi sì júwe ibi tí wọn yóò ti gé ìtàkùn kúrò. Kòtò náà wà níbẹ̀. Ọdẹ kan fi okùn sọ̀kalẹ̀. Ohun tó gbé jáde kò pọ̀: egungun kéékèèké, àti irin ọkọ́ kan, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ máa ń rọ mọ ọwọ́ ọmọdé. Ìyá mọ ọkọ́ náà.

Lórí fóònù ni wọ́n ti sọ gbogbo èyí fún mi. Mo béèrè nípa kùkùté. Bàbá mi ní àwọn náà béèrè. Àwọn ọdẹ ní kò sí kùkùté, kò sì lè sí. Àpáta lásán ni ilẹ̀ ibẹ̀ látòkè délẹ̀, igi kan kò hù níbẹ̀ rí.

Mo lọ ṣí láptọ́ọ̀pù lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán, ojúmọ́ ṣì wà. Mo gba ẹ̀bá odò, mo kọjá àpáta. Kòtò náà wà níbi tó wà. Kùkùté kò sí. Mo wò yíká títí, mo ronú bóyá mo ti fi àáké gé e láìmọ̀, torí géèmù náà gbà kí a gégi, àmọ́ ẹni tó bá gégi yóò rí ìtì rẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì rí nǹkan kan àfi ilẹ̀ tó mọ́ kedere dé ìsàlẹ̀ òfuurufú. Mo pe bàbá mi padà, mo sọ fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo lọ síbi ìsìnkú náà. Ẹ̀yìn ilé àtijọ́ ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Àlùfáà gbàdúrà kúkúrú. Ìyá dárúkọ ọmọ náà fún gbogbo wa, wọ́n ní kí a pè é, a sì pè é, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ inú agbolé náà pè é. Obìnrin kan tó lóyún bi Ìyá léèrè ìtumọ̀ orúkọ náà.

Èmi àti bàbá mi la jọ padà sí Benin lọ́jọ́ kejì. Mo ti bá wọn rin ìrìn àjò lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í sùn nínú ọkọ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò lójú fèrèsé, gbogbo igbó, gbogbo ẹ̀bá òkè, títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ. Lọ́jọ́ náà, a kò tíì jáde ní Ọ̀wọ̀ tí orí wọn fi bọ̀ sórí èjìká mi. Ẹnu wọn là díẹ̀. Igbó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́tùn-ún lósì, kò sí ẹni tó ń wò ó nínú àwa méjèèjì àfi èmi.